Ta Ni Yóò Dúró fún Àlejò? Ìtàn Àjòjì Tó Ń Dá Ṣòwò láti Èkó Àtijọ́ dé Nàìjíríà Òde Òní

Gbogbo ìlú tí òwò bá ti ń mú àjòjì wọlé ni ó gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn sí ìbéèrè kan: bí àlejò bá jẹ gbèsè, tí ó ba ọjà ọlọ́jà jẹ́, tàbí tí ó di ẹrù rẹ̀ lóru tí ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni ìlú yóò dì mú? Lóde òní, ìwé òfin ni ó ń dá ìbéèrè yìí lóhùn, nípa irú ìdúró tí ó bá yọ̀ǹda fún oníṣòwò: yálà kí ó máa fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò, èyí tí í ṣe òwò àdáni, tàbí kí òun àti ẹlòmíràn da owó àti ọgbọ́n pọ̀, èyí tí í ṣe òwò àjọdá, tàbí kí ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ènìyàn lọ́tọ̀, tí ó lè ra ilẹ̀, tí ó lè jẹ gbèsè, tí a sì lè pè lẹ́jọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Ayàwòrán-ilé, òǹkọ̀wé, olùkọ́ èdè tàbí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó bá ti òkè òkun wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ tara rẹ̀, láìní ọ̀gá lórí, yóò rí i pé ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ há mọ́ òun gan-an, àti pé ọ̀nà kẹta ni òfin ń darí òun sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Ó ti ń bọ̀ láti ìgbà tí epo pupa ti jẹ́ ọba ọjà ní etí ọ̀sà Èkó, gbòǹgbò rẹ̀ sì wọ inú àṣà tí àwọn Yorùbá ti ní kí òyìnbó tó dé.

Nínú àṣà náà, àlejò kì í ti ojú ọ̀nà bọ́ sí ọjà. Ilé kan ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, baálé ilé náà ni yóò sì di onílé rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá fi wà nínú ìlú. Onílé ni yóò mú un lọ kí ọba tàbí ìjòyè tí ó ni àdúgbò; òun ni yóò sọ iye tí ọjà ń lọ fún un; òun ni yóò bá a wá alágbàtà, ìyẹn ẹni tí ó ń dúró láàárín olùtà àti olùrà; nínú yàrá rẹ̀ sì ni ẹrù yóò wà títí ọjà yóò fi tán. Onílé ń jẹ èrè nínú rẹ̀, nítorí pé àlejò kì í ṣe aláìmọore, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó gbé sórí ju èrè náà lọ, nítorí pé òun ni onídùúró, ẹni tí a óò kọjú sí bí ọ̀rọ̀ bá yí padà.

Láti mọ bí ẹrù yìí ti wúwo tó, a ní láti rántí bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè nígbà náà. Ẹni tí a jẹ lówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀, ẹni tí ó fi dídógò ti onígbèsè ṣe iṣẹ́ ṣe. Ológò yóò wọ agbo ilé, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú tọmọdé tàgbà, yóò ki adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí mọ́lẹ̀, kò sì ní bìkítà bóyá ti onígbèsè ni tàbí ti ẹlòmíràn nínú ilé, títí tí gbogbo ilé yóò fi gbìmọ̀ pọ̀ láti san owó náà kí àlàáfíà lè padà. Agbo ilé lódindi ni wọ́n ń dógò tì. Ọmọ onílẹ̀ ní ilé tí a lè dógò tì. Àlejò kò ní, nítorí náà ni ó ṣe ń yá ilé onílé rẹ̀ lò. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Oúnjẹ àti ìtọ́jú ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n onílé tí àlejò rẹ̀ bá kó owó olówó sá lọ mọ ìtumọ̀ mìíràn fún òwe náà.

Àṣà yìí kò kú nígbà tí ìjọba òyìnbó dé. Ní Sàbó ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀dó ní ọdún 1916 fún àwọn Hausa, onílé tí wọ́n ń pè ní máígídá ni ó ń gba oníṣòwò obì àti màlúù sílé, tí ó ń bá a tà, tí ó sì ń fọwọ́ sọ̀yà fún un lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ra ọjà láwìn. Onímọ̀ Abner Cohen kọ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú náà mọ iyì onílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń tà láwìn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n, òṣómàáló, ti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wá: orí òṣó ni àwọn yóò wà, àwọn kò ní jókòó, títí owó àwọn yóò fi pé. Ológò ni wọ́n fúnra wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó ń dá rìn ní ìlú onílùú ní láti ní ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ bí ìjà bá dé.

Ní Èkó ni àṣà yìí ti kọ́kọ́ kọlu òfin tí ó ti òkè òkun wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852 sì ni Ọba Akíntóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó fòpin sí òwò ẹrú, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ènìyàn lásán ni púpọ̀ nínú wọn, ọkùnrin tí ó ní àpótí ẹrù díẹ̀, tí ó yá ilé kan létí omi, tí ó sì ń gba epo pupa lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Giambattista Scala jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ará ilẹ̀ Sardinia, tí ó wà lára Ítálì òde òní, tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1850. Láàárín àkókò díẹ̀, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ di kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba kan ní ìlú mìíràn, tí ó ń gbèjà àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ohun tí oyè yìí fún Scala ni pé ó di onílé ara rẹ̀: àlejò tí ó ń dá ṣòwò ni, òun kan náà sì ni ó ń dúró fún un níwájú ọba.

Láti ìgbà náà ni àwọn kọ́ńsù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ onílé lọ́wọ́ àwọn onílé. Owó àwìn ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjà àárín òyìnbó àti alágbàtà sílẹ̀, nítorí pé òyìnbó ni ó ń kọ́kọ́ kó ọjà sílẹ̀ fún alágbàtà, alágbàtà yóò sì kó o lọ sí òkè kí ó tó gbé epo padà wá. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí ó wà láàárín àwọn òyìnbó àti àwọn ará òkè, tí agbára rẹ̀ sì tó láti yan ọba, ni wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, tí ó fi padà sí Abẹ́òkúta. Oríṣìíríṣìí ìdí ni àwọn òpìtàn ti sọ fún lílé rẹ̀, gbèsè àti òṣèlú sì wà nínú wọn. Ohun tí ó dájú ni pé ìlú tí irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀ mọ́ ní láti wá nǹkan mìíràn tí yóò so àlejò mọ́ ilẹ̀.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni nǹkan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ní ọdún 1863 sì ni wọ́n kéde pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́ òfin náà, ẹni tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò kò yàtọ̀ sí òwò rẹ̀: gbèsè ọjà ni gbèsè ilé, bí òwò bá sì wó, onígbèsè lè tà dé orí bẹ́ẹ̀dì tí ó ń sùn sí. Àwọn tí wọ́n bá jọ da òwò pọ̀ láìdá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lè jẹ gbèsè kí wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀nà yìí ni àwọn Sàró ń gbà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, padà wálé, tí a kò mọ̀ bóyá àlejò ni ká pè wọ́n ní Èkó tàbí ọmọ onílẹ̀. Richard Beale Blaize, tí wọ́n bí ní Freetown ní ọdún 1845, dé Èkó ní ọdún 1862, ó ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ ní ọdún 1875, nígbà tí ó sì fi kú ní ọdún 1904, ó ti wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àbùkù kan tí àwọn òyìnbó alájọdòwò rí kíá. Ọjọ́ tí olówò àdáni bá kú ni òwò náà kú. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ohun ìní bàbá di ti àwọn ọmọ, wọn yóò sì pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tí ó bímọ fún un, tàbí ní orí-ojorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì tọ́, wọ́n sì ń pa ìdílé mọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ń pa òwò mọ́ nínú wọn: ilé ìkẹ́rù bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, owó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn tí ó ń ra ọjà láwìn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò san án fún. Ìbànújẹ́ ni ó jẹ́ pé ìdí kan pàtàkì nìyí tí a fi ń rí orúkọ àwọn olówò Èkó ìgbà náà lára òpópónà, tí a kò sì rí i lára ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésí ayé òyìnbó kan wé ti Blaize. John Holt kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí ó dé erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko báyìí, ní ọdún 1862, ọdún kan náà gan-an tí Blaize dé Èkó. Akọ̀wé ni ó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù James Lynslager, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe aṣojú ìjọba níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú, Holt tọ́jú owó oṣù rẹ̀ pamọ́, ó sì ra ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ opó ọ̀gá náà ní ọdún 1867. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ jọ ń ṣòwò àjọdá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ní ọdún 1897 wọ́n sọ ọ́ di John Holt & Co (Liverpool) Limited. Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn orúkọ yìí, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Límítẹ́ẹ̀dì, ni gbogbo ìyàtọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbèsè ní ààlà: owó tí onípìn-ín bá fi ra ìpín rẹ̀ nìkan ni ó lè sọnù, kò sí ẹni tí yóò wọ ilé rẹ̀ gba àga. Àǹfààní kejì ni pé kọ́ńpìnnì kì í kú bí Holt bá kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ gba àǹfààní yìí mọ́ra nígbà náà. Ọdún 1855 ni wọ́n ti fi òfin gba ààlà gbèsè wọlé, òfin ọdún 1862 sì béèrè pé, ó kéré tán, kí ènìyàn 7 jọ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Aláwọ bàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Aron Salomon, ni ó dán òfin náà wò. Ní ọdún 1892 ó sọ òwò bàtà rẹ̀ di kọ́ńpìnnì tí ó ní ìpín 20,007: òun fúnra rẹ̀ mú 20,001, ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí iye wọn lè pé méje. Nígbà tí òwò náà wó, àwọn tí ó jẹ lówó ní òun náà ni kọ́ńpìnnì náà, kí ó wá san án. Ní ìparí ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé Salomon kì í ṣe kọ́ńpìnnì rẹ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n lójú òfin. Kò sí ìdájọ́ mìíràn tí ó kan ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ tó èyí, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni ẹnì kan ti lè fi ìyàwó àti ọmọ ṣe ìbòjú, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọdún 1912 ni òfin kọ́ńpìnnì àkọ́kọ́ dé Gúúsù Nàìjíríà, tí wọ́n gbé karí òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1908, èyí tí ó ti dín iye ènìyàn tí ó lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀ kù sí 2. Títí di ìgbà náà, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń forúkọ kọ́ńpìnnì tí yóò ṣòwò ní Èkó sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù kí àlejò fi kún ara rẹ̀.

Ogun àgbáyé kìíní mú kí ìbéèrè ta-ni-á-dì-mú yìí gbóná janjan. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Jámánì wà lára àwọn tí òwò Èkó wà lọ́wọ́ wọn. Ilé O'Swald láti Hamburg ni ó kó owó ẹyọ láti ìlà-oòrùn Áfíríkà wá sí Èkó láàárín àwọn ọdún 1850, ilé G. L. Gaiser sì gbajúmọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn, wọ́n sì lu ú ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1916. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lé e lórí bóyá kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò bá wọn jà bá wọn rà á, tàbí kí ó jẹ́ ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àríyànjiyàn lórí ilé ìkẹ́rù epo àti èkùrọ́ ní Nàìjíríà yìí wà lára ohun tí ó mi ìjọba Asquith, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìjọba náà sì wó ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Ọdún kan náà, 1916, ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ tirẹ̀ gan-an hàn, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí ó fi ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà. Bí kì í bá sì ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò farasin: wọn kò fẹ́ kí ará Jámánì lè fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò tí onírun, oníbúrẹ́dì àti aránṣọ ń gbà ní Nàìjíríà lónìí, tí wọ́n rò pé kò ju ìwé owó orí àti ti báńkì lọ, ọmọ òfin náà ni. Fìtílà tí wọ́n tàn láti fi wo ojú àlejò ni.

Àlejò ìgbà náà kì í ṣe òyìnbó nìkan. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà ti ń dé, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Kóráà. Kíkiri ni púpọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, níbi tí òpópónà kan ti ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn títí di òní. Àwọn ará Íńdíà náà dé. Chellaram, ọ̀kan nínú wọn, ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Èkó ní ọdún 1923. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé àwọn wọ̀nyí kò gbára lé ìwé òfin kí wọ́n tó gbára lé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ̀wé sí àbúrò pé kí ó máa bọ̀. Àbúrò yóò sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, yóò kọ́ Yorùbá lẹ́nu ọjà, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ẹ̀gbọ́n yóò kó ọjà àwìn fún un láti lọ ṣí tirẹ̀ ní ìlú mìíràn. Onílé, onídùúró àti báńkì ni ẹ̀gbọ́n jẹ́ nínú ara kan. Kí wọ́n tó kọ Límítẹ́ẹ̀dì sára pátákó, ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì sún mọ́ àṣà Yorùbá ju ohunkóhun tí àwọn agbẹjọ́rò kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Nàìjíríà gba ìbéèrè náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Òfin orúkọ òwò ti orílẹ̀-èdè yìí jáde ní ọdún 1961, òfin ìwọ̀lú-àjòjì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1963. Abala kẹjọ òfin kejì yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ bọ̀: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ dá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn da òwò pọ̀, kò sì gbọdọ̀ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ fún òwò, àfi bí mínísítà bá fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ìyẹn ni pé ìjọba di onílé fún gbogbo àlejò. Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, òfin kọ́ńpìnnì tuntun fi kún un pé kọ́ńpìnnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní òkè òkun kò gbọdọ̀ ṣòwò ní Nàìjíríà mọ́ láìjẹ́ pé ó di kọ́ńpìnnì Nàìjíríà. Òfin náà bọ́gbọ́n mu: orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ gba owó orí, tí ó sì fẹ́ pe ẹni tí ó ṣẹ̀ lẹ́jọ́, kò lè máa kọ̀wé sí Liverpool láti béèrè ẹni tí ó ni ilé ìkẹ́rù tí ó wà ní Àpápá.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun ti Gowon ṣe òfin tí ó gba oríṣìí òwò 22 lọ́wọ́ àjòjì pátápátá, tí ó sì ní kí wọ́n ti jáde kúrò nínú wọn kí oṣù Kẹrin ọdún 1974 tó wọlé. Bí a bá ka àkọsílẹ̀ náà, iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe ló kúnnú rẹ̀: ṣíṣe búrẹ́dì àti kéèkì, fífọ aṣọ, ṣíṣe irun, ṣíṣe búlọ́ọ̀kù, ṣíṣe ohun ọ̀ṣọ́, ìpolówó ọjà, fífi ọkọ̀ kẹ́rù, títa ọjà wẹ́wẹ́. Oríṣìí òwò 33 mìíràn wà tí àjòjì lè ṣe bí òwò náà bá tóbi tó, tí ọmọ Nàìjíríà sì mú ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1977 wọ́n mú un le sí i, wọ́n pín gbogbo òwò sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín tí ọmọ Nàìjíríà gbọdọ̀ mú nínú wọn sì jẹ́ gbogbo rẹ̀, tàbí 60, tàbí 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀tọ́ ni kí ọmọ onílẹ̀ jẹ nínú ọrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí fún àwọn olówò Èkó lẹ́yìn Blaize tí yóò bínú sí ète òfin náà. Ṣùgbọ́n òfin náà bí ọmọ kan tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀: yíyá orúkọ. Àjòjì tí kò fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ yóò wá ọmọ Nàìjíríà kan, awakọ̀ rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ tàbí olóyè kan nínú ìlú, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpín, yóò sì máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ṣì wà lọ́wọ́ àjòjì. Ó jọ àṣà onílé ní ojú, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí i ní inú. Onílé àtijọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù àlejò, ó sì ń dúró fún un pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti orúkọ agbo ilé rẹ̀. Ẹni tí ó yá orúkọ rẹ̀ fún àjòjì ní ọdún 1974 lè má tilẹ̀ mọ ohun tí kọ́ńpìnnì tí wọ́n kọ orúkọ òun sí ń tà.

Ní ọdún 1995 ni ìjọba pa òfin náà rẹ́, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tí ó jẹ́ kí àjòjì lè ní gbogbo ìpín nínú kọ́ńpìnnì, yàtọ̀ sí àwọn òwò díẹ̀ bíi ti ohun ìjà àti egbòogi olóró. Ilẹ̀kùn ṣí báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ńpìnnì ni ó wà. Ètò tí wọ́n ń pè ní kóòtà ni ó fi èyí hàn kedere jù. Kóòtà jẹ́ àṣẹ pé kí àjòjì wà ní ipò kan fún iye ọdún kan, ṣùgbọ́n ìjọba kì í fún ẹni tí yóò jókòó sí ipò náà. Kọ́ńpìnnì ni wọ́n ń fún, orúkọ ipò náà ni wọ́n sì ń kọ sínú ìwé, bóyá ẹnjinníà tàbí olùdarí. Lára kóòtà yìí ni ìwé ìgbélùú ti ń yọ, lára ìwé ìgbélùú sì ni àkáǹtì báńkì àti nọ́ńbà owó orí ti ń yọ. Àjòjì tí ó sọ pé òun kò ní ilé-iṣẹ́, pé ọpọlọ òun àti kọ̀ǹpútà òun ni òun gbé wá, dà bí ẹni tí ó dé ẹnubodè ìlú tí kò lè dárúkọ ilé tí òun ń lọ.

Òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 dà bí ẹni pé yóò tán ìṣòro yìí, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ gbà ní Nàìjíríà pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ènìyàn 7, tí ó dín kù sí 2, ti wá kan ẹyọ kan. Ohun tí Aron Salomon fi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bò, òfin gbà á láìbò. Ó tún dá irú ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ tí ó pè ní kọ́ńpìnnì kékeré, tí owó tí ó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60 lọ, ó sì tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrù púpọ̀: olùdarí kan ti tó o, kò pọn dandan kí ó ní akọ̀wé kọ́ńpìnnì, kò sì pọn dandan kí ó gba olùṣàyẹ̀wò láti wo ìwé owó rẹ̀. Gbogbo èyí bá aṣiṣẹ́-àdáni mu bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà láàárín àwọn ohun tí ó ń sọ kọ́ńpìnnì di kékeré, tí ojú lè fò bí a kò bá kà á jẹ́jẹ́: kò gbọdọ̀ sí àjòjì kankan nínú àwọn onípìn-ín rẹ̀.

Nítorí náà, ayàwòrán-ilé tí ó ti òkè òkun wá, tí ó dá wà nínú yàrá kan ní Yábàá pẹ̀lú tábìlì rẹ̀, lè dá mú gbogbo ìpín nínú kọ́ńpìnnì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá olùdarí kejì, ó gbọ́dọ̀ gba akọ̀wé kọ́ńpìnnì, ó gbọ́dọ̀ gba olùṣàyẹ̀wò, lẹ́yìn èyí ni kọ́ńpìnnì náà yóò tó kọ̀wé béèrè kóòtà kí ó lè gba òun fúnra rẹ̀ síṣẹ́. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Èkó ni ó ti sábà máa ń bá akọ̀wé náà pàdé, agbẹjọ́rò náà ni yóò mú un mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí ó mọ̀, bí kò bá sì tíì ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ojúlé agbẹjọ́rò náà ni wọn yóò kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti lè rí kọ́ńpìnnì náà bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a.